Àga Onígi Tí Kò Fi Eegun Ara Rẹ̀ Pamọ́

Ìbéèrè kan wà tí àwọn èèyàn kì í yé bi mí tá a bá jọ dé ṣọ́ọ̀bù káfíńtà l'Abẹ́òkúta yìí: báwo ni àga onígi tẹ́ẹ́rẹ́, tí kò ju ẹsẹ̀ mẹ́rin, apá méjì àti tìmùtìmù pẹlẹbẹ lọ, ṣe máa wọ́n ju àga ńlá tí wọ́n fi fọ́ọ̀mù àti awọ bò láti òkè délẹ̀? Àga ńlá yẹn ga, ó sanra, wọ́n to bọ́tìnnì sí i lẹ́yìn, ó sì kún inú pálọ̀. Ẹni tó bá ra irú rẹ̀, àlejò á mọ̀ pé ó náwó. Ti tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ńkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè gbé e láti pálọ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Síbẹ̀, àwọn tó mọyì rẹ̀ ń wá a kiri, wọ́n ń sanwó gidi lé e lórí, wọ́n sì ń bá àwọn ìyá àgbà dúnàádúrà lórí èyí tó ti ń gba eruku nínú yàrá ẹrù láti ọjọ́ yìí.

Ọ̀rọ̀ náà rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú, mi ò sì bá wọn wí. Mid-century modern ni wọ́n ń pè é lórí Instagram. Irú àga, tábìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù tó gbòde ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà láti nǹkan bí ọdún 1945 títí dé ìparí àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ń tọ́ka sí. Kì í ṣe gbogbo àga tó bá ti dàgbà ló wà lára rẹ̀. Àmì rẹ̀ kò ṣòro: ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i bó ṣe ń lọ sílẹ̀, ó sì sábà máa ń yà síta díẹ̀, wọn kì í fi ọ̀dà bo igi rẹ̀, èèyàn á máa rí ìlà ara igi náà, kò sí òdòdó tàbí orí kìnnìún tí wọ́n gbẹ́ sí i, àyè sì wà lábẹ́ rẹ̀ dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sílé bàbá àgbà n'Ìbarà tàbí ní Aké ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ẹ rántí rédíògíráàmù ilẹ̀ Jámánì, Grundig tàbí Telefunken, àpótí onígi dídán gbọọrọ tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, tí wọ́n máa ń tẹ́ aṣọ funfun onílẹ́ẹ̀sì lé lórí. Ẹ rántí tẹlifíṣàn tó ní ilẹ̀kùn onígi tí wọ́n máa ń tì pa tí ètò bá ti parí. WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Ìbàdàn lọ́dún 1959, inú àpótí onígi sì ni ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn ìgbà náà wà. Ẹ rántí àga pálọ̀ tí apá rẹ̀ jẹ́ igi gbọọrọ, tí fọ́ọ̀mù ìjókòó àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeé yọ lọ sá sóòrùn. Àwọn káfíńtà wa ló kan ọ̀pọ̀ nínú àwọn àga yẹn. Wọ́n wo èyí tó ti òkè òkun dé, wọ́n wo èyí tí PWD, ẹ̀ka iṣẹ́ òde ti ìjọba, ń kó sílé àwọn òṣìṣẹ́ wọn, wọ́n sì fi igi tiwa ṣe é. Nítorí náà, ohun tí àwọn ọ̀dọ́ òde òní ń pè ní àṣà tuntun, ó ti gbé ilé yín rí. Ó ṣeé ṣe kó tiẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Kí ló fà á tó fi rí bẹ́ẹ̀? Ogun àgbáyé kejì parí lọ́dún 1945. Ilé ti wó ní ọ̀pọ̀ ìlú Yúróòpù, àwọn ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ kò tóbi, owó kò sì pọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àga wúwo tó ń gba ìdajì yàrá kò bá irú ilé bẹ́ẹ̀ mu mọ́. Wọ́n nílò ohun tó fúyẹ́, tó ṣeé sún kiri, tí kò ní jẹ igi púpọ̀. Ogun yẹn kan náà ló mú kí ìmọ̀ nípa gọ́ọ̀mù tó lágbára àti plywood tẹ̀ síwájú. Charles àti Ray Eames, tọkọtaya kan ní Kalifóníà, ń tẹ plywood láti fi ṣe ohun tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà tó bá ṣèṣe. Nígbà tí ogun parí, ìmọ̀ yẹn ni wọ́n fi ṣe àga.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, torí náà ẹ jẹ́ ká là á yé ara wa. Àga plywood ti Eames, ilé iṣẹ́ ńlá ló ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ jáde. Mid-century modern ni, kò sí àríyànjiyàn, ṣùgbọ́n wọn ò fọwọ́ kàn án bí káfíńtà ṣe ń kàn án. Òmíràn wà tó jẹ́ pé káfíńtà tó jókòó ti igi rẹ̀ ló mú un jáde. Àwọn méjèèjì ń jẹ́ orúkọ kan náà, wọ́n sì lè jọra nínú fọ́tò. Èyí tí ọwọ́ ṣe yẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, torí òun ni a lè ṣe ní Ẹ̀gbá níbí, òun náà sì ni iye owó rẹ̀ máa ń ya èèyàn lẹ́nu.

Ilẹ̀ Denmark ni iṣẹ́ ọwọ́ yìí ti fìdí múlẹ̀ jù lọ. Láti ọdún 1927 títí dé 1966, ẹgbẹ́ àwọn káfíńtà ní Copenhagen máa ń ṣe àfihàn lọ́dọọdún, níbi tí ẹni tó ya àga sórí ìwé àti ẹni tó kàn án ti ń jọ gbé iṣẹ́ tuntun jáde. Hans Wegner, tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn, ọmọṣẹ́ káfíńtà ló ti jẹ́ kó tó di ẹni tó ń ya àga, àwọn àga tó sì yà kó tó kú lọ́dún 2007 lé ní 500. Lọ́dún 1949 ló gbé ọ̀kan jáde tí àwọn ará Amẹ́ríkà wá ń pè ní The Chair. Igi tó yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká tó sì di apá méjèèjì dà bí ẹyọ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n so ó pọ̀ ni. Lákọ̀ọ́kọ́, ojú ibi tí wọ́n ti so ó yẹn kò tẹ́ Wegner lọ́rùn, ó sì ní kí wọ́n fi kéènì wé e kó má bàa hàn. Kò pẹ́ tó fi rí ọ̀nà àbáyọ: wọ́n gé etí igi méjèèjì ní eyín-eyín, eyín tibí wọnú àlàfo tọ̀hún, ó sì ní kí wọ́n tú kéènì kúrò, kí gbogbo ayé máa wò ó. Ìlà eyín-eyín yẹn ni ojú àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń lọ sí lára àga náà títí di òní. Ní ọjọ́ 26 oṣù September ọdún 1960, nígbà tí John Kennedy àti Richard Nixon, tí wọ́n jọ ń du ipò ààrẹ, kojú ara wọn lórí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà, irú àga yìí ni wọ́n gbé fún wọn. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn la gba òmìnira.

Ohun tí Wegner tú kéènì kúrò lára rẹ̀ yẹn gan-an ni ìdáhùn sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Nínú àga ńlá aláwọ, fọ́ọ̀mù àti awọ ló ń bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Igi inú rẹ̀ lè jẹ́ àjákù pákó tó ṣẹ́kù níbi tí wọ́n ti ń kan òrùlé. Ìṣó lè má wọlé tán. Ojú tí wọ́n so lè ti là láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ẹ ò ní mọ̀, àfi lọ́jọ́ tó bá ké lábẹ́ àlejò. Nínú àga onígi yìí, kò sí ibi tí káfíńtà máa fi àṣìṣe pamọ́ sí. Ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan wà ní gbangba, ó sì tún jẹ́ pé igi tẹ́ẹ́rẹ́ ló fẹ́ gbé àgbàlagbà ró. Bí ẹsẹ̀ bá nípọn bí òpó, ìsopọ̀ tí kò dára á ṣì gbìyànjú. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ́ẹ́rẹ́, àfi kí ìsopọ̀ dára. Òun ni ẹ ń sanwó rẹ̀.

Bàbá káfíńtà kan wà l'Adátán tí mo máa ń lọ jókòó tì. Mọ́tíìsì àti tẹ́nónì ni òun àti àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ń pe ìsopọ̀ yìí: ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú ẹsẹ̀ àga, àti ahọ́n tí wọ́n yọ sí orí igi tó máa wọnú rẹ̀. Kó tó gbé ayùn, á kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù sàmì sí i, lẹ́yìn náà á fi ẹnu ọ̀bẹ fa ìlà náà wọnú igi, torí pé ìlà pẹ́ńsù nípọn jù lójú tiẹ̀. Tó bá ti gbẹ́ ihò tán, á fi ahọ́n bọ̀ ọ́ láì tíì fi gọ́ọ̀mù sí i. Bó bá wọlé wọ́ọ́rọ́, inú rẹ̀ kì í dùn, ihò ti fẹ̀ jù nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ pé àfi kó fi agbára lù ú, ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ náà máa là lọ́jọ́ kan. Ohun tó ń wá ni pé kí ọwọ́ lásán tì í dé ìdajì, kí òòlù onígi rọra kàn án dé ìyókù. Á wá dì í mú ní apá òkè, á gbé e sókè, á sì mi ín. Ahọ́n kò gbọdọ̀ já bọ́. Ìgbà yẹn ló tó máa wá gọ́ọ̀mù. Ẹyọ ìsopọ̀ kan péré nìyẹn o, àga alápá kan sì lè ní mẹ́rìnlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tí wọ́n bá ti so gbogbo rẹ̀ tán, apá àga ló kù, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ràn jù. Ìlú Ẹ̀gbá kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ igi. Ilé Adúgbológe l'Abẹ́òkúta yìí gbẹ́ ère ìbejì tó wà ní musíọ́mù káàkiri ayé lónìí. Gbẹ́nàgbẹ́nà máa ń mú igi kan ṣoṣo, á máa yọ kúrò lára rẹ̀ títí ère á fi jáde. Kì í so nǹkan mọ́ nǹkan. Káfíńtà ní tiẹ̀, síso ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní apá àga yìí ni iṣẹ́ méjèèjì ti pàdé: wọ́n á kọ́kọ́ so ó, wọ́n á wá máa fá a, máa gbẹ́ ẹ, títí ibi tí ìgbọ̀nwọ́ ń sinmi lé á fi fẹ̀, tí ibi tí àtẹ́lẹwọ́ ń dì mú á sì tẹ̀ wọnú díẹ̀. Finn Juhl, ará Denmark mìíràn, kì í fẹ́ kí apá àga rí gbọọrọ lásán. Ẹ wo àga ńlá rẹ̀ ti ọdún 1949, tí wọ́n ń pè ní Chieftain Chair, ẹ ó rí i pé ère ni wọ́n gbẹ́ kí wọ́n tó ní kí èèyàn jókòó lé e. Ẹ fi ọwọ́ pa apá àga tó dára lábẹ́, níbi tí ojú kì í dé. Bó bá jọ̀lọ̀ níbẹ̀ bó ṣe jọ̀lọ̀ lókè, ẹni tó ṣe é mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Mo bi bàbá yẹn pé ṣé ìṣó mẹ́ta kò ní ṣe iṣẹ́ kan náà ni. Èsì rẹ̀ ni pé igi ń mí, ìṣó kì í mí. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Igi tí a ti gé, tí a ti là, tí a ti fi ṣe tábìlì, ó ṣì ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sára lásìkò òjò, ó sì ń tú u jáde nígbà ọyẹ́. Tó bá fa ọ̀rinrin, á fẹ̀. Tó bá gbẹ, á sún kì. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé ní ìbú rẹ̀ ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gígùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà rárá. Nítorí náà, ẹni tó bá fi ìṣó àti gọ́ọ̀mù de ojú tábìlì pinpin mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ yíká-yíká, ó ti dá wàhálà sílẹ̀. Oṣù December á dé, ọyẹ́ á fẹ́, igi á fẹ́ sún kì, ìṣó kò ní gbà fún un, á sì là gbààà láàárín òru. Àwọn tó wà nínú ilé tó ń lo ẹ̀rọ amúlétutù tọ̀sán-tòru á rí irú èyí jù. Káfíńtà tó mọ̀ á fi igi kéékèèké di ojú tábìlì mú lábẹ́, èyí tó lè yọ̀ síwá sẹ́yìn nínú ihò gbọọrọ. Tábìlì á máa fẹ̀, á máa sún kì, kò sì ní là.

Kódà lílà igi fúnra rẹ̀, àwọn kan ti sọ ọ́ di ẹwà. George Nakashima, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Japan, ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1905. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà kó àwọn tó jẹ́ ìran Japan sí àgọ́ lásìkò ogun, òun náà wà lára wọn, ní Idaho, ibẹ̀ ló sì ti bá káfíńtà kan tó gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Japan pàdé, tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so igi nílẹ̀ wọn. Nígbà tó wá dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ ní New Hope, ní Pennsylvania, kì í ju pákó tó bá là nù. Á gbẹ́ igi kékeré tó fẹ̀ ní etí méjèèjì, tó tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín, á fi há ojú ibi tó là náà kó má bàa là ju bẹ́ẹ̀ lọ, á sì jẹ́ kí ó hàn kedere lórí tábìlì. Àwọn èèyàn ń náwó rẹpẹtẹ lórí irú tábìlì bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Gbogbo èyí kò wúlò bí pákó bá ṣì tutù. Òṣùwọ̀n àtijọ́ àwọn onígi ní òkè òkun ni pé pákó tó nípọn íńṣì kan á wà lábẹ́ òrùlé fún nǹkan bí ọdún kan, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ gba àárín rẹ̀ kọjá. Ilẹ̀ tiwa gbóná, ó lè yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì. Àwa oníbàárà gan-an la sábà máa ń ba èyí jẹ́. A ó san àsansílẹ̀ lónìí, a ó ní ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, káfíńtà á sáré lọ sí sọ́míìlì, á ra pákó tí omi ṣì ń sun lára rẹ̀. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, apá àga á ti lọ́, ẹsẹ̀ á máa mì, a ó sì máa sọ pé àwọn káfíńtà wa ò mọṣẹ́.

Igi wo ló dára jù? Tíìkì ni ayé mọ̀ mọ́ àga Denmark, láti ilẹ̀ Éṣíà ni wọ́n sì ti ń gbé e wá fún wọn. Òróró wà nínú ara tíìkì, ìdí nìyẹn tí omi àti ikán kì í fi í tètè rí i gbé ṣe. Tíìkì tí wọ́n gbìn wà nítòsí wa níbí, nínú igbó ọba Olókèméjì tó wà láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Ìrókò náà kò kẹ̀rẹ̀, ikán kì í fẹ́ràn rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń dúdú sí i bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń fá a bo imú, torí eruku rẹ̀ máa ń da ọ̀fun àti àyà láàmú. Ọ̀gánwó pupa, ó ṣeé gbẹ́, ó sì ń dán. Mansonia, tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú díẹ̀, ni àwọn òyìnbó máa ń rà lọ́dọ̀ wa láti fi rọ́pò walnut, igi tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn jù fún irú àga yìí. Ẹni tó bá fẹ́ àwọ̀ walnut kò nílò láti wo òkè òkun. Àpá lágbára gan-an, àmọ́ ó wúwo, ó sì ń pa ẹnu ayùn. Àrẹ̀rẹ̀ fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gé, ṣùgbọ́n kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀, ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kọ́ ló yẹ ká fi ṣe.

Ju orúkọ igi lọ, ẹ wo ìlà ara rẹ̀. Lára ẹsẹ̀ àga, ìlà yẹn gbọ́dọ̀ gùn láti òkè délẹ̀ láìyà sí ẹ̀gbẹ́. Bí ìlà bá gé ẹsẹ̀ kọjá ní ìdábùú, ibẹ̀ ló máa ti kán, ìrókò ì báà ṣe. Ìdí kan náà ni wọ́n ṣe ń fi ooru omi gbígbóná tẹ igi tó bá máa yí bìrìpó, dípò kí wọ́n gé e bẹ́ẹ̀ látara pákó gbọọrọ: tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ìlà ara igi á tẹ̀ lé e yí. Wegner ní àga mìíràn tó jáde ní 1950, èyí tí igi ẹ̀yìn rẹ̀ rí bíi lẹ́tà Y. Igi òkè rẹ̀ tó yí ká, ooru omi gbígbóná ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ìjókòó rẹ̀ sì jẹ́ okùn tí wọ́n fi bébà lọ́, nǹkan bíi mítà 120 lórí àga kan ṣoṣo, tí ọwọ́ ń hun.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín olùrà àti olùtà: veneer. Èyí ni igi gidi tí wọ́n bó pẹlẹbẹ, tí kì í sábà nípọn tó mìlímítà kan, tí wọ́n wá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ plywood tàbí pákó mìíràn. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ẹ̀tàn ni. Kì í ṣe ẹ̀tàn. Ọ̀pọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù Denmark tí wọ́n ń tà lówó gọbọi lónìí, veneer tíìkì ló wà lójú wọn, tí igi gidi sì wà ní etí àti ẹsẹ̀ wọn. Ọ̀nà ọlọ́gbọ́n ni, torí pé plywood kì í fẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni kì í sún kì bíi pákó gbọọrọ. Kọ́bọ́ọ̀dù tó fẹ̀ kò ní là. Ohun tó yàtọ̀ pátápátá ni MDF, pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ papọ̀, tí wọ́n lẹ bébà mọ́ lójú, tí wọ́n tẹ àwòrán igi sí orí bébà náà. Òun ló kún ọjà báyìí. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n rèé: ẹ wò ó dáadáa bóyá àmì kan náà tún jáde níbòmíràn lójú tábìlì kan náà, torí igi gidi kì í ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀. Ẹ wo etí rẹ̀ tàbí ihò ibi tí wáyà ń gbà lẹ́yìn. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun àwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ papọ̀, ẹ ti mọ̀. MDF tí omi bá kàn á wú, kò sì ní padà sípò mọ́.

Mo tún fẹ́ kí ẹ rò ó nípa ojú ọjọ́ wa. Ní oṣù March, nígbà tí iná bá lọ l'Abẹ́òkúta, tí òkúta inú ìlú sì ń tú ooru ọ̀sán jáde lálẹ́, ẹ jókòó sórí àga aláwọ rẹ́sínì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ wá dìde. Aṣọ á ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn yín. Àga onígi tí ẹ̀yìn àti abẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ìgbálẹ̀ ń dé abẹ́ rẹ̀, èkúté kò rí ibi fi ṣe ilé. Tìmùtìmù rẹ̀ ṣeé yọ, aṣọ rẹ̀ ṣeé bọ́ fọ̀, ẹ sì lè lọ ra àdìrẹ aláró n'Ítòkú kí ẹ fi rán òmíràn nígbàkigbà tí ti tẹ́lẹ̀ bá sú yín. Kìkì pé kí ẹ kọ́kọ́ fọ àdìrẹ náà títí omi rẹ̀ á fi mọ́, kí aró má bàa ran aṣọ funfun àlejò. Fún ilé tí ó ń gbóná bíi tiwa, mi ò rí ìdí tí àga aláwọ ńlá fi yẹ kó jẹ́ àmì ọlá.

Bí ẹ bá fẹ́ ra, yálà ti àtijọ́ ni o, tàbí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ẹ tó wo iwájú rẹ̀. Abẹ́ àga ni òtítọ́ wà. Ẹ wá orí ìṣó, ẹ wá ibi tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù àti ìyẹ̀fun igi dí ihò. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan mú kí ẹ gbìyànjú láti yí i. Bí ìsopọ̀ bá dún, ó ti tú. Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé àga Denmark gidi lòun ń tà, ẹ bi í léèrè àmì ẹni tó ṣe é: ọ̀pọ̀ ló máa ń ní àmì tí wọ́n fi irin gbígbóná tẹ̀ sí abẹ́, tàbí báàjì kékeré. Bí kò bá sí àmì, ó ṣì lè jẹ́ àga tó dára, ṣùgbọ́n iye àga tó dára ni kí ẹ san, kì í ṣe iye orúkọ. Àga tí káfíńtà Adátán fi ìrókò gbígbẹ kàn, tí gbogbo ojú rẹ̀ pé, mi ò ní fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún ayédèrú tó ń jẹ́ orúkọ Wegner.

Àga bàbá àgbà tó wà nínú yàrá ẹrù ńkọ́? Ẹ má tíì gbé e síta, ẹ má sì fi ọ̀dà kùn ún. Bó bá ń mì, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni kan ìṣó mọ́ ọn. Ìṣó á la ahọ́n, àtúnṣe á wá di ogun. Kí káfíńtà tú ojú tó ti dẹ̀ náà, kó ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò títí á fi kan igi, torí gọ́ọ̀mù tuntun kì í mú lórí ti àtijọ́, lẹ́yìn náà kó fi tuntun sí i kó sì dè é pinpin mọ́jú. Fọ́ọ̀mù tó ti pẹlẹbẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Rọ́bà abẹ́ ìjókòó tó ti fà, ẹ pààrọ̀ ìyẹn náà. Bó bá jẹ́ veneer, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń fi sáńdípépà fá igi dé ibẹ̀, ìṣẹ́jú kan tó láti fá a tán. Ọwọ́ àti sáńdípépà tó kúnná ni kí wọ́n lò, tẹ̀lé ìlà igi.

Fún dídán, epo línsíìdì tí wọ́n ti sè ló tẹ́ mi lọ́rùn ju fáníìṣì tó ń kọ mànà lọ, torí ó máa ń wọ inú igi, bí ibì kan bá sì ha, ibẹ̀ nìkan lẹ máa tún fi epo pa. Ẹ fi rágì pa á tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ dúró díẹ̀, ẹ nu èyí tó ṣẹ́kù kúrò, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tó tún pa á lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n ẹ má ká rágì náà jọ sí kọ̀rọ̀ yàrá tẹ́ ẹ bá ṣe tán. Epo yẹn máa ń gbóná fúnra rẹ̀ bó ṣe ń gbẹ, rágì tó ká jọ sì lè gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, tàbí kí ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ síta títí á fi gbẹ gan-an kí ẹ tó jù ú nù.